Màmá Ní Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Ò Sọ̀rọ̀ Mọ́

  Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ìwàásù o. Ọ̀rọ̀ orin ni, ọ̀rọ̀ fóònù, spíkà àti dátà. Ó gùn díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ dìrọ̀lẹ́. A máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan nínú ẹ̀, a ò ní fi bò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá sílé wa ní Ìlaròó mọ Màmá wa. Ọmọ Ayétòrò ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tára wọn ṣì le, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lù nínú ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ìjọ wọn, ó lé lógún ọdún tí wọ́n fi ṣe é. Kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ à-kàn-ń-mì o. Tí Màmá bá gbé e, wọ́n á gbá a nídìí, wọ́n á jù ú sókè, wọ́n á hán an, okùn ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ á sì máa dá ìlù lóhùn. Ọwọ́ ń ro wọ́n báyìí, wọn ò lè gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà ẹbí, tí wọ́n bá ti mu ògì wọn tán, wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á ní, "Pásítọ̀, ẹ fi nǹkan mi sí i." Nǹkan wọn ni orin àtijọ́: CAC Good Women Choir ti Ìbàdàn, Màmá Bọ́lá Àrẹ, Òjó Adé, àti àwọn ẹgbẹ́ akọrin kéékèèké tí ẹlòmíràn lè má mọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì la ń lò nílé wa tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà sídíì dé. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ní ká pa gbogbo ìyẹn tì, pé inú fóònù lorin wà báyìí. Wọn ò kúkú parọ́. Boomplay ti wà ní Nàìjíríà láti 2015, inú fóònù Tecno ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti kọ́kọ́ bá a pàdé láìwá a. Spotify dé síbí ní February 2021. YouTube ò sì nílò àlàyé. Ọmọ wa ọkùnrin, tó wà ní Pólì, gbé fóònù rẹ̀ àtijọ́ kan kalẹ̀ fún Màmá Àgbà, ó so ó mọ́ spíkà Bluetooth kékeré kan, ó to gbogbo orin wọn síbẹ̀. Inú Màmá dùn. Wọ́n ní ayé ti dáa, pé kò sí kásẹ́ẹ̀tì tó máa há mọ́, kò sí pé à ń fi bírò yí i.

Bó ṣe rí nìyẹn títí di 2025. Ẹ rántí pé ní January ọdún náà, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé káwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Owó dátà ilé wa fò sókè. Lálẹ́ ọjọ́ kan a pe àwọn ọmọ jọ, a ní, "Ẹ wá nǹkan ṣe sí dátà tó ń tán nínú ilé yìí. A ò kì í ṣe Dangote." Ọmọ wa ní òun ti gbọ́. A ò tún bi í léèrè ohun tó ṣe. Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn Àjíǹde, Màmá pè wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, àwọn wo ló ń kọrin yìí?"

A ní, "Màmá, àwọn tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ náà ni."

Wọ́n ní, "Rárá o. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn ń ṣe ṣììì, bí ẹni ń dín àkàrà."

A rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. A wá sọ ohun tí a fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí. A ní, "Màmá, etí yín ni. Àgbà ti dé." Níwájú àwọn ọmọ la ti sọ ọ́. Màmá ò dáhùn.

Ká sòótọ́, a kò fọ̀rọ̀ náà ṣeré. A fi òróró sí wọn létí, a gbàdúrà. A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ etí wò. Wọ́n fọ etí wọn, wọ́n dán an wò, wọ́n ní ó ti dín kù díẹ̀ lóòótọ́ bó ṣe máa ń rí fún ẹni ọjọ́ orí wọn, pàápàá àwọn ohùn tínínrín, ṣùgbọ́n kò burú. A dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ilé, àkàrà ṣì ń dín. A wá ní bóyá spíkà yẹn ló ti gbó, a san ₦70,000 ra òmíràn láti Èkó, èyí tó ń tan iná pupa àti búlúù bí ibi ìnáwó. (Iná yẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ẹ má rà á torí ẹ̀.) Kò yí nǹkan kan padà. Báàsì rẹ̀ kàn ń dún gbì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣì ń dín nínú epo.

Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ò sọ ọ́ mọ́. Wọn ò tún ní ká fi nǹkan àwọn sí i mọ́. Wọ́n á mu ògì, wọ́n á padà sí yàrá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí pálọ̀ wa fi dákẹ́ láàárọ̀, àwa sì rò pé wọ́n ti gbà fún Ọlọ́run ni.

Arákùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ìjọ wa ló tú àṣírí. Ó wá gba kọ́kọ́rọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, ó kí Màmá, ó ní, "Màmá, mi ò gbọ́ orin lónìí o." Màmá sọ fún un. Ẹ wò ó, arákùnrin yìí ò rẹ́rìn-ín. Ó tan fóònù, ó gbé etí sí i bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní, "Dádì, òótọ́ ni Màmá ń sọ. Ó ń dín."

A ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé àwa náà ní etí. Ó ní kó dáa, ká dán an wò.

Ó ní kí Màmá yí àga wọn kọjú sí fèrèsé, kí wọ́n má baà rí ohun tí à ń ṣe nídìí tábìlì. Orin kan ṣoṣo la máa lò, èyí tí Màmá mọ̀ dénú eegun. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí ẹnu wa má baà ta wọ́n lólobó. Ó tún ní ohùn gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára dọ́gba, torí pé èyí tó bá ròkè díẹ̀ ju ìkejì lọ ni etí èèyàn máa ń pè ní èyí tó dáa jù, ì báà má dáa. A ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. A rò pé ohun tó fà á tí gbogbo spíkà fi máa ń dùn ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á nìyẹn.

Ó kọ́kọ́ gbé e bó ṣe wà: fóònù Màmá, Bluetooth, spíkà tuntun. Màmá mi orí, wọ́n ní, "Àkàrà náà nìyí."

Ó gé Bluetooth kúrò, ó fi wáyà so fóònù mọ́ spíkà kan náà. Ibí yìí la ti retí iṣẹ́ ìyanu, torí gbogbo èèyàn ló ń sọ pé wáyà ju Bluetooth lọ. Màmá ní, "Òun náà ni."

A bá gbé home theatre àtijọ́ tó wà lókè àpótí sọ̀ kalẹ̀, a nu eruku ara rẹ̀, a ki wáyà bọ̀ ọ́. Spíkà ńlá ni, owó ńlá la sì fi rà á nígbà yẹn. Màmá ní, "Ẹ ti da epo sí i." Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Arákùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní spíkà tó dáa ò lè fi àléébù pamọ́, ńṣe ló máa ń tú u síta.

Lẹ́yìn náà ló wá wọ inú Settings áàpù yẹn, ó yí nǹkan kan, kò jẹ́ ká rí i. Ó dá a padà sórí spíkà Bluetooth, èyí tí a ti bú tán. Orin bẹ̀rẹ̀. Màmá ò sọ nǹkan kan. A rí i tí ọwọ́ ọ̀tún wọn gbéra lórí itan, tó ń lọ sókè sódò, tí ìka wọn ṣí díẹ̀ bí ẹni tó di nǹkan roboto mú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Hẹ́ẹ̀n. Wọ́n ti padà dé."

Ẹ̀yin ará, a jókòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Orin tó ń bọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà bọ̀ lódindi. Sídíì tí Sony àti Philips gbé jáde ní 1982 máa ń ka ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan fún etí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tó nǹkan bí kbps 1,411. Kbps yìí ni iye ẹgbẹ̀rún bíìtì tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ kàn pè é ní bí páìpù omi ṣe fẹ̀ tó. Dátà wa ò lè gbé ìyẹn, nítorí náà wọ́n máa ń fún orin, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fún ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí. Ẹ̀rọ á wo ohun tí etí ọmọ ènìyàn ò ní tètè mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́, á dà á nù. Spotify, bí àpẹẹrẹ, kọ ọ́ síta gbangba: Low jẹ́ nǹkan bí kbps 24, Normal 96, High 160, Very High 320 fún àwọn tó ń sanwó oṣooṣù. Tó bá jẹ́ 160, èyí tí wọ́n dà nù ò ní hàn sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Tó bá jẹ́ 24, kì í ṣe omi nìkan ni wọ́n fún jáde mọ́, wọ́n ti ń fún gàrí.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀? Ohùn èèyàn àti dùùrù ní ìlànà, ẹ̀rọ lè fi nǹkan díẹ̀ ṣàpèjúwe wọn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ ló ń lu ara akèrègbè lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó jọ ìkejì, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹ̀rọ láti kọ ọ́ sílẹ̀. Tí páìpù bá ti tín-ín-rín, òun ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ bà jẹ́, á fi ariwo ṣììì kan dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni páànù dírọ́ọ̀mù. Àwa tí à ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orin nìkan, kò yé wa pé ohunkóhun ti lọ, torí pé a gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ketekete. Màmá ò gbọ́ ọ̀rọ̀ orin nìkan láyé wọn. Ibi tí wọ́n jókòó sí nínú ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

A kà á níbì kan pé irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ṣe MP3 gan-an, ní iléeṣẹ́ Fraunhofer nílẹ̀ Jámánì. Ọ̀kan nínú wọn, Karlheinz Brandenburg, rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ló bá fi orin Suzanne Vega kan tí wọ́n ń pè ní Tom's Diner dán an wò, obìnrin kan ṣoṣo tó ń kọrin láìsí ìlù kankan. Ohùn obìnrin náà bà jẹ́ pátápátá. Ó ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń gbọ́ orin kan yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ohùn náà fi tọ́. Ó kéré tán, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé etí rẹ̀ ló ti darúgbó.

Ta ló wá fi orin Màmá sórí Low? Ọmọ wa ni. Ó tan Data saver sórí gbogbo fóònù ilé lálẹ́ ọjọ́ tí a sọ̀rọ̀ dátà yẹn. Ta ló rán an níṣẹ́? Àwa ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí ojú ti wá dáadáa. Orin wákàtí kan lórí kbps 24 máa ń jẹ nǹkan bí MB 11. Lórí 160, ó ń jẹ MB 72. Màmá ń gbọ́ orin wákàtí kan lóòjọ́. Láàárín oṣù kan, gbogbo ohun tí a fi pamọ́ lórí orin wọn ò tó GB méjì. Àwa fúnra wa, pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí, à ń wo fídíò tó mọ́ rekete lórí fóònù tiwa, wákàtí méjì irú fídíò bẹ́ẹ̀ lè jẹ GB méjì yẹn tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Data saver áàpù orin ò kúkú dí YouTube lọ́wọ́. Màmá nìkan la gé tiwọn.

Ẹ mọ ìtàn Élì àti Hánà ní tẹ́ńpìlì Ṣílò. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń wàásù rẹ̀, bí àlùfáà ṣe wo obìnrin tó ń gbàdúrà tọkàntọkàn tó sì rò pé ọtí ló ń pa á. Apá Hánà la máa ń wà tí a bá ń wàásù rẹ̀. Ní Sátidé yẹn a rí i pé Élì ni wá.

A dọ̀bálẹ̀ fún Màmá ní pálọ̀, níwájú àwọn ọmọ, torí pé níwájú wọn la ti sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Màmá wo fèrèsé síbẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde jàre, Pásítọ̀. Fi orin yẹn sí i padà, o ti jẹ́ kó dúró."

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìdánwò wa, torí a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń béèrè nínú ọkàn pé Bluetooth ńkọ́, wáyà ńkọ́. Nígbà tí orin ti wà lórí High, arákùnrin náà pààrọ̀ Bluetooth àti wáyà fún wa ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láìsọ èyí tó jẹ́. Màmá mọ mẹ́ta. Ìyàwó wa mọ mẹ́rin, ó sì ń yangàn títí dòní. Àwa mọ méjì. Ìyẹn ni pé à ń méfò ni gbogbo wa. Òótọ́ ni pé Bluetooth máa ń tún orin dì lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó fò é lọ sí spíkà, ọ̀nà ìdì kan tí gbogbo wọn ní ni wọ́n ń pè ní SBC, ó sì lè gbé tó nǹkan bí kbps 328. Páìpù yẹn fẹ̀ ju ohun tí à ń rọ sínú rẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ní spíkà olówó ńlá, tẹ́ ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá tó dákẹ́, bóyá ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀. Ní Ìlaròó, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, ẹ má da ara yín láàmú. Ohun tí Bluetooth kórìíra ni ògiri àti ara èèyàn tó bá dí i lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá fi fóònù sápò, tẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí spíkà, ó lè máa já.

Tẹlifíṣọ̀n náà ń kọ́? A gbé YouTube sórí ti pálọ̀. Orin wá dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìsinsìnyí ni wọ́n máa ń ki spíkà rẹ̀ sí, ògiri ló ń kọrin fún. Nígbà tí a fi wáyà gbé ohùn rẹ̀ lọ sí home theatre, ó dùn. Ewu YouTube ni pé ọwọ́ ẹni tó gbé orin síbẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. A rí orin kan náà níbẹ̀ lọ́nà mẹ́rin. Ọ̀kan mọ́ gaara. Òmíràn, ó hàn pé ẹnì kan gbé fóònù síwájú rédíò ló fi gbà á, a tiẹ̀ gbọ́ tí àkùkọ kọ nínú rẹ̀.

WhatsApp ló gbẹ̀yìn, òun ló sì gba ipò àkọ́kọ́ láti ìdí. Fídíò orin tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, tó fi sí status, tí ẹlòmíràn tún gbà tó tún fi ránṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún fídíò fi ránṣẹ́ báyẹn ni wọ́n lè tún fún un. Màmá ní, "Èyí ò tiẹ̀ lépo mọ́. Ó ti jóná." Àwọn voice note náà, ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe orin. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù síwájú spíkà kẹ́ ẹ máa fi voice note gba orin ránṣẹ́ síra yín mọ́. Ẹ fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, bó ṣe wà ló máa dé. Ìwàásù ọjọ́ Àìkú náà, bẹ́ẹ̀ la ó máa fi í ránṣẹ́ láti ìsinsìnyí lọ.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni kásẹ́ẹ̀tì. A wá rédíò àtijọ́ jáde, a ki ọ̀kan nínú kásẹ́ẹ̀tì Màmá bọ̀ ọ́. Ó ń hó, ohùn ń mì díẹ̀ níbi tí téèpù ti nà. Philips ló gbé e jáde ní 1963, ìwé pípè fún akọ̀wé ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ ní lọ́kàn, kì í ṣe orin. Síbẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ju ti kbps 24 lọ dáadáa. Rédíò FM náà bẹ́ẹ̀. FM máa ń gbé ohùn dé nǹkan bí kíló-hertz 15, ìyẹn tó fún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò sì jẹ dátà kankan. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ò tíì tẹ dátà, rédíò kékeré tó gbá ibùdó mú dáadáa ju orin orí Low lọ.

Ẹ lọ wo fóònù àwọn òbí yín. Ẹ wọ inú áàpù orin, ẹ wá Settings, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Audio quality tàbí Data saver sí. Tó bá wà lórí Low, ẹ gbé e sókè. Tó bá wà lórí Automatic, ó máa ń wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó pinnu, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa níhìn-ín ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ará wa ní Ìdìrókò àti Ìmẹ̀kọ, ẹ pa roaming yín, kí fóònù má baà gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mọ́ra láìsọ fún yín, kó wá jẹ́ owó ńlá ni Màmá ń fi gbọ́ orin. Èyí tó dáa jù fún ẹni tó ń sanwó oṣooṣù ni kó dáńlóòdù orin náà sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lórí High, níbi tí Wi-Fi bá wà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni dátà máa jẹ, kódà tí Màmá bá gbọ́ ọ ní igba ìgbà. Ohun tí ọmọ wa ṣe nìyẹn. Ó gbé fóònù náà lọ sí Pólì, ó kó orin ọgọ́fà wá sílé.

Spíkà oníná pupa yẹn la gbé fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. A ò tà á.

Nǹkan kan ló kù tí a fẹ́ bẹ̀ yín. Láti ìgbà tí ohùn ti padà, Màmá ti ń ránti àwọn orin tí kò sí lórí áàpù kankan. Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí ẹgbẹ́ akọrin wọn ní Ayétòrò fúnra wọn gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì, nígbà tí àwa ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Màmá ló lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀. Èyí tó wà nílé wa ti já, a ti fi ṣẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ títí kò ṣeé lẹ̀ mọ́. A mọ̀ pé wọ́n pín in fún àwọn èèyàn nígbà yẹn ní Ayétòrò, ní Ìmẹ̀kọ, wọ́n tiẹ̀ gbé díẹ̀ dé Àjàṣẹ́. Tó bá wà nínú àpótí ìyá yín tàbí lókè àjà, ì báà ti bu, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì fi fóònù gbà á ránṣẹ́ sí wa. Ẹ pè wá, a máa wá gbé e fúnra wa.